Èsì: Préfet kì í ṣe "gómìnà ẹkùn", ajẹ́lẹ̀ ni

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ ní ká máa pe préfet, ẹni tí ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní ẹkùn, ní "gómìnà ẹkùn", ká sì máa pe mẹ́ẹ̀rì ní "alákòóso". Mi ò fara mọ́ ọn. Orúkọ méjèèjì gbé oyè fún ẹni tí kò ni ín.

Ní Nàìjíríà, aráàlú ló ń dìbò yan gómìnà, ó sì ní ilé aṣòfin tó ń bá a jíròrò ètò ìnáwó. Ta ló dìbò fún préfet? Ìpàdé àwọn mínísítà ni wọ́n ti ń yàn án. Ẹkùn 12 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ kò ní káńsù tí aráàlú dìbò yàn, òfin kò sì fún wọn ní àpò ara wọn. Kọmúùnù 77, ìyẹn àwọn ìjọba ìlú tó wà nínú àwọn ẹkùn náà, ló ni ìyẹn. Préfet tó jókòó sí Pobè ń ṣọ́ Pobè fúnra rẹ̀, Kétu, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè. Bí káńsù Kétu bá dìbò lórí ètò ìnáwó ọdún, ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Bí owó tó fẹ́ jáde bá ju èyí tó ń wọlé lọ, á dá a padà. Ẹni tí wọ́n rán wá sí ìlú onílùú, tó ń ṣọ́ olórí ibẹ̀, tó ń jábọ̀ fún ẹni tó rán an, Ọ̀yọ́ ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: ajẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ní ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí ohùn! "Gbá" àti "ilẹ̀" fún wa ní gbálẹ̀. "Jẹ" àti "ilẹ̀" á fún wa ní jẹlẹ̀, ohùn àárín. Ohùn òkè orí "jẹ́" yìí kò ti ìdí oúnjẹ wá. Pé àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ni Èkìtì lára títí ó fi di ogun Kírìjì, òótọ́ ni, àwọn àgbà wa sọ ọ́ fún wa. Ìwà àwọn tó wà nípò nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi.

Ó ku "alákòóso". Kó tó di ìdìbò kọmúùnù àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 2002, sous-préfet, aṣojú tí ìjọba yàn sábẹ́ préfet, ló ń darí ìlú. Lẹ́yìn náà, mẹ́ẹ̀rì tí káńsù yàn gba ipò, "alákòóso" sì bá a mu nígbà náà. Òfin oṣù Kejìlá ọdún 2021 ti yí i padà. Secrétaire exécutif, ìyẹn akọ̀wé àgbà kọmúùnù, ló ń pàṣẹ ìnáwó báyìí, òun ló ń darí òṣìṣẹ́. Mẹ́ẹ̀rì ń ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Ẹni tí owó ò lè jáde láìsí àṣẹ rẹ̀ ló ni àkóso. Alága ni kí ẹ pe mẹ́ẹ̀rì.

Ẹni tó sì tún dábàá "ìjọba ìbílẹ̀" fún kọmúùnù, kó ṣàlàyé ohun tí "ìbílẹ̀" ń wá níbẹ̀. Ẹni tó dé lánàá, tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìdìbò, ṣé kì í ṣe ara kọmúùnù ni?