Ọmọ mọ táìmù tébù, àmọ́ kò mọ "kí ló dé"

Tíṣà Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ pírámárì 5 mi lè ka táìmù tébù láti 2 dé 12 láìmí. Àmọ́ bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí nọ́ńbà méjì tí kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba fi máa ń ṣe é pín tí a bá ro wọ́n pọ̀, wọ́n á ní "torí pé 3 àti 5 jẹ́ 8." Ó parí. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé àpẹẹrẹ kọ́ ni ẹ̀rí? Ọmọ 54, ìṣẹ́jú 40.

Aláyò Ọ̀yọ́: Ẹ wá ọmọ ayò. Kóró kajú pọ̀ lọ́dọ̀ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó o, oje inú èèpo rẹ̀ máa ń bó ọmọ lọ́wọ́. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ 9, ọmọ ayò 16 fún ọ̀wọ́ kan. Ti ọpọ́n mẹ́ta á ká wọn, torí 48 ló wà nínú ọ̀kan. Kí wọ́n to 7 ní méjì-méjì, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Kí wọ́n to 9 bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan á tún ṣẹ́kù. Kí wọ́n sún ẹyọ méjèèjì mọ́ra.

Ibí ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń dúró, bẹ́ẹ̀ 7 àti 9 náà ṣì ni. Ẹ fi ìwé bo àwọn tó ti ní ìkejì, kí ẹyọ tó ṣẹ́kù nìkan yọjú. "Mélòó ló wà lábẹ́ ìwé?" Wọn ò ní rántí mọ́. "Ṣé ó pọn dandan ká mọ̀ ọ́n?" Ẹ̀rí nìyẹn: iye yòówù kó wà lábẹ́ ìwé, méjì-méjì ni.

Ìyá Onírúlà: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kọ́kọ́ tàn wọ́n jẹ. Kí wọ́n ya òbìrí, kí wọ́n fi àmì sí etí rẹ̀, kí wọ́n fi rúlà so àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo ìyókù, kí wọ́n wá ka apá tí inú rẹ̀ pín sí. Àmì 2, apá 2. Àmì 3, apá 4. Àmì 4, apá 8. Àmì 5, apá 16. Kí wọ́n tó ya ti 6, ẹ bi wọ́n. Ariwo 32 ni ẹ máa gbọ́. 31 ni.

Bí àmì 6 bá jìnnà síra dọ́gba, ìlà gígùn mẹ́ta á gba ojú kan náà kọjá láàárín, wọ́n á ka 30. Ẹ ní kí wọ́n fi àmì sí i ségesège. Ẹnu abọ́ ni kí wọ́n fi ya òbìrí, kì í ṣe ti kọ́ọ̀bù, kí onígun mẹ́ta kékeré àárín má bàa sọnù. Kí wọ́n sì máa kọ nọ́ńbà sínú apá kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kà á.

Tíṣà Tákìé: Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn tó yára lẹ́nu ńkọ́? Àwọn ló máa ń dáhùn ṣáá.

Aláyò Ọ̀yọ́: Ẹ ka 10 sínú kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bó bá dáhùn, ẹ má tètè sọ "káre", torí ìyókù á jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ bi ẹlòmíì: "Ṣé o gbà? Kí ló mú ọ gbà?" Lọ́jọ́ kejì, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́ta tí kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba láti rò pọ̀. Ẹni tó bá ń na ọwọ́ sí ọmọ ayò láti kà á, ẹ tún mú ìwé bò ó fún un.