Oògùn olóró kọ́: kí la fẹ́ máa pe doping gan-an?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé má baà rò pé ìjà la ń jà, bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Àbúrò wa kan, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń gbé Melbourne, ló ní ẹgbẹ́ Essendon lòun ń ṣe níbẹ̀, bọ́ọ̀lù Ọsirélíà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri yẹn ni o, tiwa yìí kọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ doping, ìyẹn kí eléré ìdárayá lo oògùn tí òfin eré ò gbà, tó bá ẹgbẹ́ náà fínra lọ́dún 2012 sí 2013, àwọn alátìlẹ́yìn ò tíì yéé jà lé e lórí dòní, àwọn kan ní àwọn oníròyìn ló ba àwọn ọmọ yẹn lórúkọ jẹ́ kí ẹjọ́ tó délé ẹjọ́, àwọn kan ní àwọn oníròyìn ò tiẹ̀ tíì sọ tó. Ó wá fẹ́ ṣàlàyé fún bàbá ẹ̀ ní Ìjẹjà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó rí lò ni "oògùn olóró", ni bàbá bá bú u pé ṣé àwọn amugbó ló wá ń tẹ̀ lé kiri nílùú òyìnbó. Ó ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ míì.

Àtìgbà yẹn la ti ń fà á. Ẹnì kan ní kí la tún ń wá, ṣebí oògùn olóró ni gbogbo rédíò ń pè é. Àǹtí wa kan ní "oògùn amárale". Ẹ̀gbọ́n wa tó máa ń bá wa sọ̀rọ̀ Ifá gbé "oògùn ojóóró" kalẹ̀, ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Àwọn ọmọdé inú wa ní ká kàn pè é ní dópìǹgì ká sinmi. Mo ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, àmọ́ kẹ́mísì ni mò ń tà ní Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta níbí, oògùn ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un.

Oògùn olóró yẹn, ká tètè gbé e sọnù jàre. Ọ̀rọ̀ yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Tó o bá ti pè é fún ará Abẹ́òkúta, NDLEA ló máa sọ sí i lọ́kàn, igbó, kokéènì, kólórádò, ọmọ tó ń rìn ní títì tí ò mọ ara ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Chelsea kéde ní December 2024 pé àyẹ̀wò rí nǹkan tí ò yẹ nínú ìtọ̀ Mykhailo Mudryk, ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò kan níbí ni pé "ó lo oògùn olóró". Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọlọ́kadà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti ń sọ pé àbájọ tí kì í rójú góòlù, kokéènì ló ń fà. Bẹ́ẹ̀ meldonium ni àwọn ìwé ìròyìn lóhùn-ún ń dárúkọ, oògùn ọkàn ni, Latvia ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọkàn wọn dáadáa ni wọ́n ń fún. Ọmọ yẹn lóun ò mọ̀ọ́mọ̀ lo nǹkan kan, FA, àjọ bọ́ọ̀lù England, sì padà fẹ̀sùn kàn án ní June 2025. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ o, kò mọ̀ o, ìyẹn kọ́ ni mo gbé wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí olóòtú rédíò sáré fà yọ ló sọ oògùn ọkàn di kokéènì ní Láfẹ́nwá.

Amárale ti Àǹtí sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ó yé èèyàn, kì í sì í bani lórúkọ jẹ́. Àmọ́ Àǹtí, ẹ rántí André Onana, gólì Cameroon, ìgbà tó ṣì wà ní Ajax. October 2020 ni wọ́n gba ìtọ̀ ẹ̀, wọ́n bá furosemide níbẹ̀, ó ní oògùn ìyàwó òun lòun ṣèèṣì mu. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ní kó lọ jókòó oṣù 12, CAS, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá tó wà ní Switzerland, wá dín in kù sí oṣù 9. Furosemide tí mò ń wí yìí, Lasix lẹ mọ̀ ọ́n sí, kóró funfun kékeré báyìí, àwọn ìyá tẹ́sẹ̀ wọn wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ló máa ń mú ìwé dókítà wá fún un. Mo máa ń kì wọ́n nílọ̀ pé àárọ̀ ni kẹ́ ẹ mu ún o, tẹ́ ẹ bá mu ún lálẹ́ ilé ìtọ̀ lẹ máa sùn. Ìyá kan ò gbọ́, ó padà wá lọ́jọ́ kejì pé "Kẹ́mísì, o fẹ́ fi ìtọ̀ pa mí ni?" Ibo ni amárale wà nínú ìyẹn? Ara ń rọ̀ ẹ́ ni, ọ̀fun ń gbẹ. Ìdí tí wọn ò fi fẹ́ kí eléré ìdárayá lò ó ni pé tí ìtọ̀ bá ti pọ̀ tó ṣàn bẹ́ẹ̀, nǹkan míì tó bá wà nínú ẹ̀ á ṣòro-ón rí. Oògùn bojúbojú ni ká pe irú ẹ̀ (ẹ ò gbọdọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi o, èmi ni mo dá a). Bojúbojú wà nínú ẹ̀, agbára wà nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ fífà síra wà nínú ẹ̀, amárale ò lè kó gbogbo wọn.

Ká wá bọ́ sórí ojóóró. Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn ẹ̀, kò sọ́mọ Yorùbá tí ò mọ ojóóró, látìdí ayò dé ìdí àpótí ìbò. Àmọ́ ojóóró kì í ṣèèṣì. Ẹni tó ṣojóóró, ó mọ̀ pé òun ń ṣe é, ó ń ṣẹ́jú wo ẹnìkejì bóyá ó rí òun. Ajax fúnra wọn sọ nígbà yẹn pé UEFA gbà pé Onana ò ní in lọ́kàn láti rẹ́ni jẹ, síbẹ̀ wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá lọ ka ìròyìn ẹ̀ ní "Onana lo oògùn ojóóró", ẹ ti dá ẹjọ́ tí adájọ́ gan-an ò dá.

Ti Essendon tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀. Ní February 2013, ẹgbẹ́ yẹn fúnra wọn ló lọ fẹjọ́ ara wọn sùn, pé àwọn ò mọ ohun tí wọ́n gún fáwọn ọmọ àwọn lábẹ́rẹ́ lọ́dún tó kọjá. James Hird ni kóòṣì, Stephen Dank ni onísáyẹ́ǹsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ìjọba Ọsirélíà pe oníròyìn jọ lórí ọ̀rọ̀ oògùn nínú eré ìdárayá, ọ̀gá àgbà àtijọ́ ní àjọ wọn tó ń gbógun ti doping ní kò sí ọjọ́ tó burú tó o nínú ìtàn eré ìdárayá wọn, gbogbo ìwé ìròyìn gbé e gàdàgbà. Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu, ó ti dé lórí ẹnu lásán kí ẹnikẹ́ni tó rójú adájọ́.

Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ìjà ọ̀rọ̀ làwọn ará ibẹ̀ náà ń jà. Tó bá jẹ́ ará Essendon ló ń sọ̀rọ̀, supplements ni, àfikún oúnjẹ. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń bára wọn díje, drugs ni. Oníròyìn tó fẹ́ fi hàn pé òun kàwé á ní peptides, orúkọ irú kẹ́míkà tí wọ́n ní ó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn, àmọ́ àfikún oúnjẹ yẹn ò dùn mọ́ mi létí rárá, oúnjẹ wo ni wọ́n ń fabẹ́rẹ́ gún síni lára? Àwọn tó ń ta sọ́pílímẹ́ǹtì kiri Kútọ̀ náà mọ̀ pé ẹnu là ń fi jẹ tiwọn.

AFL, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù wọn, kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹgbẹ́ náà pé wọn ò tọ́jú ilé wọn dáadáa, mílíọ̀nù 2 dọ́là owó ìtanràn, wọn ò jẹ́ kí wọ́n bá wọn dé ìpele àṣekágbá 2013, Hird lọ jókòó oṣù 12. Ìyẹn ò tíì kan àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tó di March 2015, ìgbìmọ̀ adájọ́ AFL ní àwọn agbábọ́ọ̀lù 34 yẹn ò jẹ̀bi, ẹ̀rí ò tó. WADA, àjọ tó ń gbógun ti doping lágbàáyé, ò gbà, wọ́n gbé e lọ sí CAS, ní January 2016 CAS ní gbogbo àwọn 34 ló jẹ̀bi, pé thymosin beta-4, peptide kan tí òfin ò gbà, ni wọ́n gún fún wọn, ọdún méjì gbáko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ àwọn oṣù tó ti lọ kúrò nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún 2016 nínú wọn. Balógun wọn, Jobe Watson, tó gba Brownlow 2012, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ́dún yẹn, dá a padà. Ẹ wá gbọ́ o: kò sí ẹnì kan nínú àwọn 34 yẹn tí àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ gbé. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gún fún ta ni, kò sí èyí tó péye. Àwọn ọmọ yẹn fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà kí wọ́n gún àwọn, èyí tí wọ́n sọ fún wọn ni pé òfin gbà á. Ẹ̀rí kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n fi dá wọn lẹ́bi.

Tóò, ẹni tó bá ka ìyẹn ní rédíò, tó ní "ọwọ́ pálábá wọn ségi", irọ́ ló pa, kò sí pálábá tó ségi. Ojóóró náà? Ta ló ṣe é, ọmọ ogún ọdún tó na apá sílẹ̀ ni àbí ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ní àrà kankan nínú: èèwọ̀. Oògùn èèwọ̀. Kò sọ ohun tí oògùn ń ṣe lára, torí náà Lasix wọ̀ ọ́, meldonium wọ̀ ọ́, thymosin wọ̀ ọ́. Èyí tó jù sì ni pé èèwọ̀ ò béèrè bóyá o mọ̀. Ẹni tí wọn kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nílé wọn, tó lọ síbi àríyá, tí wọ́n sè é fún un tí wọ́n ní ẹran ìgbẹ́ ni, tó jẹ ẹ́, ṣé a máa ní kò jẹ èèwọ̀ ni? Ó jẹ ẹ́. A lè ṣàánú ẹ̀, ètùtù ẹ̀ lè fúyẹ́, àmọ́ ó jẹ ẹ́. Bí òfin WADA ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ohun tí wọ́n bá lára ẹ, ìwọ lo ni ín, mímọ̀ tàbí àìmọ̀ ẹ, ìyà ẹ ló máa bá ẹ dín kù. Oṣù 12 Onana tó di 9, ibẹ̀ náà ló wà. Ìyá mi tẹ́sẹ̀ ẹ̀ wú ń mu Lasix, kò jẹ èèwọ̀ kankan, torí kì í ṣe ọmọ ilé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ti kọ̀wé pé rárá o, èèwọ̀ ti òrìṣà àti ti ìdílé ni, kì í ṣe ti àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Montreal, pé èèwọ̀ ìdílé kì í yí padà lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀ WADA ń tún tiwọn kọ ní gbogbo 1 January. Òótọ́ ni, ìparí December 2015 èèyàn lè mu meldonium kó sùn, tí ilẹ̀ bá mọ́ ní 1 January 2016 ó ti di èèwọ̀, ọ̀nà tí Maria Sharapova, obìnrin tó ń gbá tẹníìsì, gbà kó sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ìròyìn lójoojúmọ́. Tí ìjọba bá fòfin de nǹkan, kí làwọn oníròyìn ń sọ? "Wọ́n kà á léèwọ̀." Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé òrìṣà wo ló kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu wọn látọjọ́ pípẹ́, a kàn fẹ́ kí wọ́n gbé e débi oògùn eré ìdárayá ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó dáa ju gbogbo èyí tá a ń dá lọ, tèmi bojúbojú náà wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí oníròyìn bá ní láti ronú kó tó rántí kò ní í lò ó.

Dópìǹgì ńkọ́? Kò burú, a ní pẹ́náríti, a ní ọfúsáìdì. Àmọ́ ọmọ mi ní dope túmọ̀ sí pé nǹkan dáa gan-an, ẹ̀wù tuntun rẹ̀ náà dope. Ẹ má jẹ́ ká kó ara wa sí wàhálà.

Ohun kan tún kù tó ń bí mi nínú. Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1859 nìlú yìí, kò yẹ ká máa gbọ́ ìdájọ́ lẹ́nu oníròyìn wa níbi tó yẹ ká ti gbọ́ ẹ̀sùn. Ṣebí àwọn náà ló gbé "afurasí" dé gbogbo ilé, ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, afurasí ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ mọ́. Tó bá dórí agbábọ́ọ̀lù wọn á gbàgbé. Àbúrò mi ní Melbourne, ohun tí o máa sọ fún bàbá rèé: "Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n gún oògùn èèwọ̀ fún wọn, wọ́n kọ́kọ́ dá wọn láre, ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ wá dá wọn lẹ́bi." Tí bàbá bá tún ní amugbó ni wọ́n, ọ̀rọ̀ yín kọjá tèmi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo tún fẹ́ bi. Òfin wọn fàyè sílẹ̀ fẹ́ni tára ẹ̀ ò yá, tí dókítà bá kọ̀wé ẹ̀ ránṣẹ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, oògùn èèwọ̀ yẹn ò ní í jẹ́ èèwọ̀ fún un mọ́. Nínú tiwa, tí babaláwo bá yọ ẹnì kan kúrò lábẹ́ èèwọ̀ torí àìsàn, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Mo ti ń kọ "ìyọ̀ǹda" síbẹ̀, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.