Ta ló lè bá wa yẹ àkọsílẹ̀ mẹ́kúrì wò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà. Àwa díẹ̀ tí à ń kọ̀wé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá máa ń kó iṣẹ́ wa jọ sójú kan lóṣooṣù. Odò Ọ̀ṣun la kọ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí: ìwakùsà góòlù lápá òkè ti mú kí omi náà pọ́n, títí dé Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àkọsílẹ̀ tó dá lórí mẹ́kúrì, irin olómi tó lóró tí àwọn awakùsà kan fi ń yọ góòlù, ló ká mi lára jù. Ó máa ń kó jọ sára ẹja, ẹja tó ń jẹ ẹja ló sì ń ní in jù. Ẹja yìí náà là ń jẹ! Kò sí onímọ̀ kẹ́mísírì láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ká tó kó o jáde?