Kí lẹ rí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi SNMP, ìlànà tí a fi ń béèrè ipò ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ̀kì, yẹ ẹ̀rọ wò?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. Wọ́n ní kí n wádìí swíìṣì nẹ́tíwọ̀kì kan tó ń fà bí ìgbín. Mo ta snmpwalk, àṣẹ tó ń ka ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sí i, mo fi "public" béèrè, ìyẹn community string (ọ̀rọ̀ ìwọlé SNMP) tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń bá wá látilẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rò pé yóò dáhùn. Ó dáhùn, kò sì dákẹ́ mọ́. sysDescr sọ irú sọ́fítíwíà tó wà lórí rẹ̀, sysLocation sọ yàrá tó wà, sysContact gbé nọ́ńbà fóònù ọ̀gá wa síta. Àwọn àdírẹ́sì IP tó mọ̀ tún ń tò bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo figbe ta, wọ́n ní, "Kíkà lásán ni, kò lè ba nǹkan jẹ́." Olè tó ti mọ yàrá tí owó wà ńkọ́?

Mo bá gbé wa lọ sí v3, ẹ̀dà SNMP tó ní ààbò. Mo dá orúkọ aṣàmúlò sílẹ̀, mo fi SHA, tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹni náà gan-an ló ń béèrè, sí i, orí mi wú. Mo ṣí tcpdump, irinṣẹ́ tó ń ka ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì, sí pọ́ọ̀tì 161 tí SNMP ń gbà, kí n lè fi yangàn: orúkọ ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ gbàlàjà! authNoPriv ni mo yàn. Ó ń yẹ ẹni tó ń béèrè wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí mo yí i sí authPriv, tí AES, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, wọ̀ ọ́, ni mo tó rí wúruwùru tí mo ń fẹ́.

*

Ọ̀gá, tiyín sàn. "private" ni tèmi, community string tó ń gba kíkọ. Mo ń fi MIB browser, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ hàn, rìn káàkiri inú ifTable, àkọsílẹ̀ àwọn ojú tí wáyà ń wọ̀ lára ẹ̀rọ, mo kan ifAdminStatus, tí a fi ń tan pọ́ọ̀tì tàbí pa á, ọwọ́ ń yún mi. Mo fi 2 rọ́pò 1, ìyẹn ni pé kí pọ́ọ̀tì náà kú. Pọ́ọ̀tì tí èmi gan-an gbà wọlé ni. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé yàrá sáfà, wáyà kọ́ńsóòlù, tí a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà, lọ́rùn mi bí ìlẹ̀kẹ̀.

*

Títan v3 kì í pa v2c, ẹ̀dà àtijọ́ tó ń lo community string, o. Àwa ti parí iṣẹ́, a ti kí ara wa kú oríire. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo kàn ní kí n fi "public" dán an wò. Ó kí mi káàbọ̀.