Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tuntun yìí: ẹ̀yin tí ẹ ti lo irú rẹ̀ n'Íbàdàn, kí lojú yín rí?

Ọmọ Queen Cinema

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ìròyìn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tuntun yẹn ti jáde ni ṣọ́ọ̀bù láptọ́ọ̀pù wa ní Queen Cinema kò ti sinmi. Kì í ṣe pé wọ́n ń rà á o, kò tilẹ̀ tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Fóònù ni wọ́n ń nà sí mi lójú: “Ọ̀gá, ẹ wo bó ṣe fẹ́lẹ́! Èló ni yóò jẹ́ tó bá dé?” Ẹlòmíì kò ní béèrè iye, á kàn mi orí, á ní níbo gan-an ni àwọn òyìnbó yìí kó bátìrì sí. Àwọn oníbàárà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí ẹ̀ jà níwájú mi. Ọ̀kan ní tí èèyàn bá gbé irú ẹ̀ wọ Micra láti Ìwó Road, tí wọ́n fún mẹ́rin sẹ́yìn, kí ó tó dé Dùgbẹ̀ á ti ṣẹ́ sí méjì. Èkejì ní ọmọ òun ń lo irú ẹ̀ ní Kánádà, kò sì ṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ bi í pé ṣé Micra wà ní Kánádà ni.

Èmi ń ta láptọ́ọ̀pù, ẹjọ́ náà kò ṣeé dá fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó yín ra èyí tó fẹ́lẹ́, tuntun tàbí tòkúnbọ̀, tí ẹ sì lò ó nínú ìlú yìí, pẹ̀lú iná wa, eruku wa àti ọkọ̀ wa, ẹ wá sọ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ojú yín rí ni o, ẹ má wá ka ìwé ìpolówó fún wa.

Bàbá Kaféè, Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, a ti pa irú ariwo yìí rí. Oṣù kìíní ọdún 2008 ni Steve Jobs, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Apple nígbà náà, dúró lórí pèpéle ní San Francisco, tó fa MacBook Air àkọ́kọ́, láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tiwọn, yọ láti inú ẹnfilóòpù aláwọ̀ búráùn, irú èyí tó kún Sẹkitéríàtì l'Agódi. Sáíbà kaféè ni mo ní ní Mọ́kọ́lá nígbà yẹn. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ofánáìtì lọ́dọ̀ mi ló wo fídíò náà. Fídíò á rìn díẹ̀, á dúró. Wọ́n á lọ ra gúgúrú, wọ́n á padà wá bá a níbi tó dúró sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjà ti dé.

Ohun tó bí wọn nínú ni pé kò ní ibi tí à ń ki síìdì sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, síìdì ni oníyàwòrán fi ń kó fọ́tò ìgbéyàwó fún èèyàn, síìdì la fi ń gba antivirus, inú síìdì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sí tó bá ń lọ rí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n wá ní ẹni tó bá ṣì fẹ́ síìdì, kó fi $99 mìíràn ra ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú USB tó wà lára ẹ̀ ńkọ́? Ẹyọ kan. Ẹ ki máòsì bọ̀ ọ́, kò sí ibi tí fíláàṣì máa gbà wọlé. Ẹ ki mọ́dẹ́ẹ̀mù bọ̀ ọ́, máòsì di ohun à ń kó sápò. Èyí tó dun èmi oníkaféè jù ni pé kò ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Wáyà sì ni gbogbo kaféè mi, láti ìdí díìṣì orí òrùlé títí dé orí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà tó bá gbé e wá á kàn jókòó gba atẹ́gùn fáànù ni, àfi tó bá tún fi $29 ra ohun tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ ọn.

Iye tí wọ́n dá lé e ni $1,799. Dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦120 lọ nígbà náà (ẹ má sunkún), síbẹ̀ ó ti lé ní ₦200,000. Owó yẹn ju ohun tí mo fi ra gbogbo kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó wà ní ìlà iwájú nínú kaféè mi lọ. Lọ́yà kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi, bátìrì méjì ló ń kó kiri. Tí ọ̀kan bá kú, á yọ ọ́ nídìí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á ki èkejì bọ̀ ọ́, iṣẹ́ á máa lọ. Nígbà tó gbọ́ pé èèyàn kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì ti Air, ó wò mí títí, ó ní, “Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé Ìbàdàn.”

Ṣùgbọ́n síìdì dà lónìí? Ní 2010 tí wọ́n ṣe òmíì, ojú USB ti di méjì, èyí tó kéré jù nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti $999. Nígbà tó fi máa di 2011, Intel, àwọn tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti gbé orúkọ Ultrabook jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ yòókù kí àwọn náà máa ṣe pẹlẹbẹ tiwọn. Lọ́yà yẹn fúnra rẹ̀, pẹlẹbẹ ló ń lò báyìí. N kì í bú ohun tuntun, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí mi kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rà á.

Ọmọ Àpáta

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé èyí tó jáde yìí ti fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ, ẹ wò ó: Air 2008 yẹn tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí, 1.94 cm ni níbi tó ti nípọn jù. Ti 2022 jẹ́ 1.13 cm, kò sì sí ẹni tó bá a jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó

Kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ èjìká nínú gbogbo yín. Másítáàsì ni mo ń ṣe ní UI, Àgbowó ni mo sì ń gbé. Láptọ́ọ̀pù tí mo jogún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tòun ti ṣájà tó wúwo bíi tiẹ̀, ìwé, omi, gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn mi. Tí mo bá dé fákọ́tì, ojú okùn báàgì á ti yọ lára mi. Èyí tí mo rà lẹ́yìn ìyẹn kò wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀. Ṣájà fóònù mi ń gbé e, kódà mo ti fi power bank gbé e rí nígbà tí iná lọ tí mo ní iṣẹ́ láti fi ránṣẹ́ lóru. Kò ní fáànù tó ń pariwo nínú, nítorí náà ní Kenneth Dike Library kò sí ẹni tó máa bojú wò mí.

Ìdààmú rẹ̀ ni ooru. Lóṣù kẹta, tí oòrùn bá kan yàrá wa, tí iná kò sì sí, abẹ́ rẹ̀ á gbóná débi pé mi ò lè gbé e lé itan. Ohun tí kò ní fáànù, ṣe ló máa ń dẹ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ ó kàn rí i tí fáìlì ń ṣí díẹ̀díẹ̀, tí máòsì ń wọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí: iṣẹ́ ńlá, àárọ̀ kùtù tàbí alẹ́. Mi ò lè tìtorí ìyẹn padà sí ti ẹ̀gbọ́n mi.

Oní-Prójẹ́kítọ̀

Ẹ̀yin ẹ sọ ti èjìká, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtìjú. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé fọ́tò àti fídíò sójú prójẹ́kítọ̀ níbi ayẹyẹ. Gbọ̀ngán kan ní Ring Road, ìgbéyàwó. Alága ìjókòó ti ní kí gbogbo ènìyàn wo ojú pátákó, kí wọ́n wá wo bí tọkọtaya ṣe pàdé. Láptọ́ọ̀pù mi fẹ́lẹ́, ó ń dán, ojú USB-C méjì ni gbogbo ohun tó ní. Ó wá ku ohun kékeré tí mo fi ń so HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí prójẹ́kítọ̀, mọ́ ọn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná janjan. Ojú pátákó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó di búlúù. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún ki í bọ̀ ọ́. Búlúù. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin láti fi bò mí láṣìírí. Ìyá ọkọ ń wò mí.

Ẹni tó yọ mí ni bọ̀dá kan nínú ẹbí ìyàwó. Ó sáré lọ síbi mọ́tò rẹ̀, ó gbé láptọ́ọ̀pù kan wá, Ọlọ́run, ẹ kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó nípọn, sẹ́lótéèpù ló so ìdè rẹ̀, lẹ́tà A ti kúrò lórí kíbọọ̀dù. Ṣùgbọ́n ojú HDMI wà lára ẹ̀, VGA wà lára ẹ̀, ojú USB mẹ́ta! A fi fíláàṣì kó fídíò náà sínú rẹ̀, ó sì gbé e láìjanpata. Láti ọjọ́ náà, àwọn ohun ìsopọ̀ tí mo ń kó kiri nítorí láptọ́ọ̀pù fífẹ́lẹ́ yìí, tí ẹ bá gbé báàgì wọn, ẹ ó bi mí pé fífẹ́lẹ́ rẹ̀ dà.

Ọmọ Àpáta

Wọ́n kọ orin bò ọ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àǹtí Sódà, Sángo

Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo yín ń bọ̀ nígbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí tí mo bá ṣí i. Ọmọdékùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ó ní ibi tí à ń fi ìka pa, tí ń ṣe iṣẹ́ máòsì, kò dún mọ́ tí òun bá tẹ̀ ẹ́. Ó rò pé ìyẹn ló bàjẹ́. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lé tábìlì tó tẹ́jú, mo fọwọ́ tẹ igun kan, igun kejì gbéra sókè. Mo ti mọ̀. Ìsó ìdí rẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ oníbọ́tìnnì lọ, irin tí a fi ń tú u sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, bátìrì ti wú, ó ti ń fi ẹ̀yìn ti gbogbo nǹkan sókè. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí irin. A kì í fi irin há a, torí tí ẹ bá gún un, iná ni. Mo kán sípíríìtì sí i lábẹ́, mo fi káàdì ATM àtijọ́ rọra ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó jẹ́ pé ní ayé bàbá oníkaféè, ẹ ó kàn fi ìka méjì tẹ̀, á bọ́ sílẹ̀.

RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti jó o mọ́ pátákó inú rẹ̀. 8GB tí ẹ bá rà lónìí, 8GB náà ni títí ẹ ó fi tà á. Ẹ má wá bá mi pé Àǹtí, ẹ bá mi fi kún un.

Ojú rẹ̀ sì tún wà ńbẹ̀. Nítorí pé ìdérí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sí àyè láàárín òun àti kíbọọ̀dù. Ẹ fi ìyáfíìsì sórí ibẹ̀, ẹ pa á dé, ojú á fọ́. Ohun tí Micra sì ń fọ́ kò tó ohun tí bíírò ń fọ́, torí bíírò tí ẹ gbàgbé sáàárín ni mo ń bá níbẹ̀ jù. Owó ojú nìkan lè tó owó odidi láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó nípọn. Èmi náà ń lo pẹlẹbẹ nílé o, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé mo mọ ẹni tó máa tún un ṣe fún mi ni.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Òjé

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì ló ní èyí tó fẹ́lẹ́ lòun ń fẹ́. Mo bá a lọ sí Queen Cinema, ọmọkùnrin tó ń tà á gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan ki, ó wúwo, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ra nǹkan. Èkejì, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e, mo ní, “Ṣé nǹkan wà nínú eléyìí ṣá?” Èyí tí mo rò pé òfìfo ni yìí ló tún wọ́n jù! Mo ti ń múra àtipariwo ni ọmọ yìí bi mí pé, “Màmi, aṣọ òkè wo ni àwọn ìyàwó ń bi yín báyìí, èyí tó wúwo ni àbí èyí tó fúyẹ́?”

Ó mú mi níbẹ̀. Láyé ìyá mi, wíwúwo la fi ń mọ ojúlówó. Aṣọ tó bá fúyẹ́, wọ́n á ní olówùú jẹ ẹ́ gbèsè. Lónìí, ìyàwó á gbé e lọ́wọ́, á ní kò fúyẹ́ tó, gèlè á máa fún òun lórí. Èyí tó fúyẹ́ yẹn la sì ń gba owó gidi lé lórí. Mo san owó náà. Mo kàn sọ fún un pé tó bá jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má wulẹ̀ wálé.

Ọmọ Queen Cinema

Màmá, ẹ ṣeun o. Ó lè jẹ́ èmi ni mo tà á fún yín! Ọmọ yẹn á ṣe lọ́yà.

Èyí tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Bàbá àti ti Ọmọ Àpáta ni mo ti fi ń dáhùn oníbàárà láti àárọ̀. Ní 2008 yẹn, 0.4 cm ni wọ́n ń fi polówó, eteetí iwájú rẹ̀ nìkan ló sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti wá yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń ya gbogbo àwòrán yìí sí. Ẹni tó bá na fóònù sí mi báyìí, mo máa ń ní kó yí àwòrán náà, kí a jọ ka ihò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó fẹ́ jà yẹn padà wá lọ́sàn-án, ẹni tó ní ọmọ ní Kánádà. Ó ní òun ṣì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun fẹ́ èyí tó ní ojú HDMI lára, torí pé òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ẹni tó bá mọ ibi tí pẹlẹbẹ tó ní HDMI wà, tòkúnbọ̀ tó mọ́, kó sọ fún mi níbí. Àǹtí Sódà, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ gbé e wá bá kí n tó sanwó.