Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ajá kékeré kí ó máa jọ̀wọ́ ohun tí ó bá jí gbé nínú ilé?

Ìyá Lọ́kí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ajá. Lọ́kí, ajá wa, jẹ́ Lhasa Apso (irú ajá kékeré kan tí irun rẹ̀ gùn), kò sì tíì pé oṣù 5. Kò sí ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ilé yìí tí kò ní gbé: ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi, ṣíbí, ìborùn tí mo fẹ́ mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí ó fẹ́ràn jù lọ. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò wò mí lójú, yóò máa ju ìrù. Kí n tó na ọwọ́ sí i, ó ti wà lábẹ́ àga. Àwọn ọmọ á máa lé e kiri, ariwo á gba ilé kan. Láìpẹ́ yìí ni ó tún kùn hùn-ùn nígbà tí àkọ́bí mi fẹ́ fi ipá gba ìbọ̀sẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ọlọ́jà:
Àkẹ́bàjẹ́ ni, ẹ má bínú sí mi. Nílé bàbá mi, ajá tí ó bá gbé bàtà àgbàlagbà, pàṣán ni yóò jẹ. Ẹ la ẹnu rẹ̀, kí ẹ gba nǹkan yín.

Dókítà Ẹran:
Ẹ̀yin bàbá wa, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n pàṣán kò ní yanjú èyí. Ajá tí a bá nà nítorí ohun tí ó gbé sẹ́nu kì í jáwọ́ nínú gbígbé; sísá lọ sí ibi tí ọwọ́ kò ní tó o ni yóò kọ́, tàbí kí ó yára gbé ohun náà mì kí ẹ tó dé. Ìfun ajá kékeré tóóró, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan ṣoṣo sì lè dí i pátápátá.

Ìyá Lọ́kí, ẹ rántí pé ajá yín ń pààrọ̀ eyín lọ́wọ́: láàárín nǹkan bí oṣù 3 sí oṣù 7 ni eyín wàrà 28 máa ń yọ tí eyín àgbà 42 ń rọ́pò wọn, ara èrìgì rẹ̀ kò sì balẹ̀. Lílé tí ẹ ń lé e sì ni eré tí ó dùn mọ́ ọn jù lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lé e mọ́.

Ẹ fi ohun ìṣeré tirẹ̀ tí kò kà sí tó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbé e sẹ́nu, ẹ mú ẹran adìẹ bíbọ̀ tí kò ní egungun, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà nínú, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kí ẹ gbé e sún mọ́ imú rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe ń là, ẹ sọ pé “Fi sílẹ̀” ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹ fún un ní ẹran, kí ẹ sì dá ohun ìṣeré náà padà fún un. Dídá a padà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà rọ̀ mọ́: ajá tí ó rí i pé ohun tí òun jọ̀wọ́ tún ń padà wá, pẹ̀lú ẹran lórí rẹ̀, kò rí ìdí tí òun yóò fi sá. Nígbà tí èyí bá mọ́ ọn lára, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó mú ẹran jáde, kí ẹ sì máa fi ohun tí ó túbọ̀ fẹ́ràn ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé orí ìbọ̀sẹ̀.

Ní ti kíkùn, ẹ má bá a wí rárá. Ìkìlọ̀ ni, ajá tí a bá gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè bu ènìyàn jẹ láìkùn. Ẹ ju ẹran sí ọ̀ọ́kán, kí ẹ gba nǹkan yín nígbà tí ó bá lọ he é, kí àwọn ọmọ má sì dá sí i.

Bàbá Ọlọ́jà:
Dókítà, ṣé olè jíjà kò ní di iṣẹ́ tí yóò máa gba owó oṣù lé lórí báyìí?

Dókítà Ẹran:
Ó lè dán an wò, sà. Bí ó bá tilẹ̀ ń gbé rìmóòtù wá fún wa fúnra rẹ̀, ó sàn ju kí ó máa jẹ ẹ́ lábẹ́ àga lọ. Ẹ máa fi ohun ìṣeré tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ lemọ́lemọ́ ju èyí tí ó jí lọ, kí ẹ sì kó ilẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ má ṣe fi ìbọ̀sẹ̀ àlòkù ṣe ohun ìṣeré fún un o. Kò mọ èyí tí ó ti gbó yàtọ̀ sí tuntun.

Ìyá Lọ́kí:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Bí ó bá wá tú bátìrì jáde nínú rìmóòtù ńkọ́?

Dókítà Ẹran:
Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ẹran sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kíákíá, láìsí ẹ̀kọ́ kankan. Bí ó bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì, nítorí bátìrì lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń padà bọ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú rìmóòtù náà dání kí ó lè mọ irú bátìrì tí ó jẹ́.