Táyà àti ríìmù ọkọ̀ àtijọ́: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí

Ìjàpá Bàbá Mi, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjàpá tí bàbá mi rà ní 1976 ni mò ń wà. Ọ̀jọ́ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń to Volkswagen pọ̀ láti 1975, ni wọ́n ti tò ó. Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, ọdún mẹ́fà ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò kí n tó jí i dìde. Ẹ́ńjìnnì ò yọ mí lẹ́nu rárá. Táyà àti ríìmù ló fojú mi rí màbo.

Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. 165/80R15 ni mò ń wá (165 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 15 ni íńṣì ríìmù), mo sì wá a ní Gate títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. 195/65R15 ni gbogbo ìsọ̀ ń nà sí mi, torí òun ni Kòrólà ń wọ̀, òun ló kún ìgboro. Ẹnì kan ní kí n kúkú pààrọ̀ ríìmù pọ̀ mọ́ ọn kí ọkọ̀ lè gbayì. Ó gbé ríìmù Gọ́ọ̀fù jáde, ó ní, "Ṣebí Volkswagen náà ni? Ihò mẹ́rin-mẹ́rin ni." Ihò mẹ́rin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jìnnà síra kì í ṣe bákan náà. Tí èèyàn bá fa òbírí gba àárín ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Gọ́ọ̀fù ìgbà yẹn fẹ̀ ní 100 mìlímítà, ti Ìjàpá tèmi jẹ́ 130. (Ìjàpá àwọn àgbà, tí ihò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, 205 ni tirẹ̀.) Kò sí bó ṣe fẹ́ wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí ríìmù alumíníọ̀mù tó jẹ́ 130 gan-an ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Ó ń dán gbinrin. Mẹkáníìkì fi bóòtù tó wà lára ọkọ̀ látilẹ̀ dè é, a fi táyà 195 yẹn sí i, a sì gba ilé lọ. Ní ọjọ́ kẹta, bí a ṣe ń ti Mọ́níyà bọ̀, mo gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lápá òsì iwájú. Mo ya sẹ́bàá ọ̀nà. Mo na ọwọ́ kan bóòtù: méjì nínú mẹ́rin, ọwọ́ lásán ni mo fi tú wọn. Àyà mi là gààrà.

Mo nu gíríìsì ara ọ̀kan, mo gbé e sójú oòrùn. Ọrùn bóòtù Ìjàpá rí roboto bí ìdí ẹyin. Ojú ihò ríìmù tuntun yẹn, bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo ni wọ́n ṣe gé e, ó dà gẹ̀rẹ̀ wọlé. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dán lára bóòtù náà, kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Ibẹ̀ nìkan ni irin ti kan irin. Gbogbo ìyókù ṣì dúdú bó ṣe wà. Orí òwú yẹn ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì gbé ẹ̀mí wa lé. Bóòtù tí ọrùn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ ni ríìmù yẹn ń fẹ́, owó rẹ̀ ò sì tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan.

Táyà 195 náà ò pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tí mo bá kó ọwọ́ ọkọ̀ wọ kọ̀rọ̀, á máa họ etí mọ́gáàdì, ọwọ́ náà á sì le bí ẹni ń yí ọlọ, torí Ìjàpá ò ní páwà. Mo padà sórí ríìmù irin bàbá mi. Mo ní kí wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ dànù kí wọ́n kùn ún, mo sì fi oṣù mẹ́rin dúró de 165 tuntun.

Mẹ́sí 230E, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu o, ẹ̀yin àti ìdílé. Ọ̀rọ̀ bóòtù yìí, mo ní tèmi.

Mẹ́sí W123 ti 1983 ni mò ń wà. Ríìmù alumíníọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n sípíà inú búùtù, irin ni. Alumíníọ̀mù nípọn, irin fẹ́lẹ́, nítorí náà bóòtù tí wọ́n fi ń de ríìmù alumíníọ̀mù gùn ju ti ríìmù irin lọ. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìṣó gún táyà ẹ̀yìn mi ní Ṣíun, mo yọ ọ́, mo fi sípíà sí i, mo sì fi bóòtù gígùn yẹn náà dè é. Bí mo ṣe ní kí n gbéra, ẹ̀yìn ọkọ̀ pariwo kẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó sì fà mí dúró. Orí bóòtù ti yọ sínú lọ́hùn-ún, ó ń họ ìjánu ọwọ́.

Bóòtù kúkúrú máa ń bá sípíà bẹ́ẹ̀ jáde láti Jámánì, àmọ́ tòkunbọ̀ ni tèmi, ó ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Márùn-ún ti wà nínú àpò kékeré kan báyìí, mo so ó mọ́ àárín sípíà náà.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Porto-Novo

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Peugeot 505, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà kí ẹ tó sanwó. Tèmi ka 190/65 HR 390 TRX. Mo rò pé ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lásán ni. Àṣé mìlímítà ni 390 yẹn. Michelin ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1975, ríìmù tirẹ̀ lọ́tọ̀, etí ríìmù náà sì yàtọ̀. Táyà 15 íńṣì jẹ́ 381, 16 jẹ́ 406. 390 wà láàárín, kò bá ẹnikẹ́ni tan.

Fọkanáísà ní òun á ti 15 bọ̀ ọ́. Ó da omi ọṣẹ sí i, ó ki irin méjì bọ̀ ọ́, ó tún mú òòlù. Nígbà tó fẹ́ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Táyà tí etí rẹ̀ ò jókòó dáadáa lè bẹ́ mọ́ èèyàn lójú.

Ríìmù irin 14 ti 505 GR ni mo rà dípò rẹ̀, táyà rẹ̀ wà níbi gbogbo. Ó dùn mí, torí ríìmù TRX yẹn rẹwà púpọ̀. Mi ò tà á. Michelin ṣì ń ṣe táyà náà fún ọkọ̀ àtijọ́, ọjọ́ tí owó bá dé, màá rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Táyà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ ńkọ́? Èló sì ni atẹ́gùn tí kí n máa fẹ́ sí táyà Ìjàpá?

Ìjàpá Bàbá Mi, Ìbàdàn

Àbúrò, má wo ojú táyà nìkan. Wá àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Wọ́n ta ọ̀kan fún mi tó rí bí tuntun, 0811 ló wà lára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2011. Ọkọ̀ wa kì í rìn púpọ̀, táyà á gbó kó tó jẹ. Tí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré lo rí, kó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é, má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Ní ti atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Tí èèyàn bá kún inú rẹ̀, 18 ni mò ń fẹ́ síwájú, 27 sẹ́yìn. Fọkanáísà àdúgbò wa kọ̀ jálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, 18 kẹ̀? Ti ọ̀kadà nìyẹn." 35 ló fẹ́ sí gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ wá ń fò bí ẹlẹ́ǹgà lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Mo ti ra gééjì tèmi, mo sì fi ọ̀dà funfun kọ 18 sínú mọ́gáàdì iwájú, 27 sí ti ẹ̀yìn. Tí fọkanáísà bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ báyìí, nọ́ńbà náà ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà.